Ìpín Labalábá Nínú Ọgbà Onílé

Gbogbo ẹyìn ń jẹ́ ti Allāhu, Ọba tí ó gbé sánmọ̀ ró láìsí òpó tí ojú lè rí, tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ó sì ń mú ohun ọ̀gbìn oríṣiríṣi jáde láti inú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún láti bẹ̀rù Allāhu, kí n tó kìlọ̀ fún yín.

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń gbé wa lọ kò kéré. Ọkùnrin kan ní igi ọsàn kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó bá kòkòrò lára ewé igi náà, kòkòrò dúdú tí ó ní funfun díẹ̀ lára, tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Ó gbé oògùn apakòkòrò, ó fọ́n ọn sí igi náà láti orí dé ìdí, títí kan òdòdó tí ó wà lórí rẹ̀. Ǹjẹ́ ọkùnrin yìí jẹ gbèsè kankan lọ́dọ̀ Ọlọ́hun? Igi tirẹ̀ ni, ilẹ̀ tirẹ̀ ni, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi ra oògùn. Ta ni ó ṣẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn kíá pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. N kò ní tako wọn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹ̀sìn wa kò fi ẹ̀mí kòkòrò wé ẹ̀mí ènìyàn, kò sì sọ pé kí olóko jókòó kí ó máa wo ohun tí ń jẹ oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó dá ọkùnrin yìí láre, ó yẹ kí á mọ ẹni tí ó pa, kí á sì mọ ohun tí ó dà nù lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Kòkòrò tí ó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ yẹn, ọmọ labalábá ni. Bí ó bá dàgbà díẹ̀ sí i, a bọ́ awọ ìdọ̀tí yẹn sílẹ̀, a di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà a so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, a dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni tí ó kú. Ní ọjọ́ tí Ọlọ́hun bá yọ̀ǹda, a jáde ní labalábá ńlá dúdú tí a fi àmì àwọ̀ ìyeyè ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, irú èyí tí gbogbo wa ti rí tí ń fò lórí ọgbà lẹ́yìn òjò. Ewé ọsàn àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó fẹ́ràn jù láti máa yé ẹyin sí. Ọmọdé tí ń sá tẹ̀lé labalábá káàkiri àgbàlá kò mọ̀ pé ẹni tí bàbá òun fi oògùn lé kúrò ní ayé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ẹni tí òun ń wá. A fẹ́ ìyẹ́, a kò fẹ́ ẹnu tí ó jẹun kí ìyẹ́ tó hù. Irú kòkòrò ajẹwé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bàbá ńlá wa ti rí òwú sányán láyé àtijọ́. (Ọ̀rọ̀ ṣẹ́dà àti ọkùnrin Mùsùlùmí ní ààyè tirẹ̀, kì í ṣe ti òní.)

Ẹ̀yin ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn, Allāhu sọ fún wa nínú Súrà Al-An'ām, áàyà 38, pé kò sí ohun abẹ̀mí kan tí ń rìn lórí ilẹ̀, kò sì sí ẹyẹ kan tí ń fi apá rẹ̀ méjèèjì fò, àfi kí wọ́n jẹ́ ìjọ bíi tiwa. Ẹ kíyè sí i pé Ọba náà kò pè wọ́n ní ẹrù wa tàbí ohun ìṣeré wa. Ìjọ ni ó pè wọ́n. Ohun tí a bá pè ní ìjọ ní ètò, ó ní oúnjẹ tí a kọ mọ́ ọn, ó sì ní Olúwa tí yóò bèèrè rẹ̀. Nínú Súrà Ar-Rahmān, áàyà 10, a tún gbọ́ pé Ọlọ́hun tẹ́ ilẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀dá. Ìwé ilẹ̀ tí ó wà nínú àpótí wa, tí lọ́yà fọwọ́ sí, tí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, ó lè lé aládùúgbò sẹ́yìn odi. Kò lè pa áàyà yìí rẹ́.

Ẹ tún wo oyin. Súrà odidi kan ni a fi orúkọ rẹ̀ pè, Súrà An-Nahl, tí í ṣe ìkẹrìndínlógún. Ní áàyà 68 àti 69, Ọlọ́hun fi mọ̀ wá pé òun ni òun ránṣẹ́ sí oyin pé kí ó fi orí òkè ṣe ilé, kí ó fi igi ṣe ilé, kí ó sì fi ohun tí ènìyàn ń gbé ró ṣe ilé. Lẹ́yìn náà kí ó jẹ nínú gbogbo èso, kí ó sì máa tọ ọ̀nà Olúwa rẹ̀ lọ. Láti inú rẹ̀ sì ni ohun mímu aláwọ̀ oríṣiríṣi ti ń jáde, tí ìwòsàn wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ Lárúbáwá yóò rí i pé abo ni a bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí: àwọn oyin tí ń jáde lọ wá oúnjẹ, abo ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí á dúró sí ni ibùgbé kẹta yẹn. Àwọn onítúmọ̀ kan sọ pé ilé oyin tí ènìyàn ń ṣe ni, àwọn kan sọ pé òrùlé ni, àwọn mìíràn ní àtìbàbà tí a ń fà ewéko lé ni. Èyí ó wù kí á mú nínú rẹ̀, Ọlọ́hun ti fi oyin sí àdúgbò wa. Kì í ṣe àlejò tí ó ṣìnà wọlé. Bí oyin bá wọ inú ọgbà wa tí kò bá òdòdó kan ṣoṣo níbẹ̀, tí ó jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ni ó bá láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ẹni tí Ọlọ́hun ní kí ó wá bá wa gbé, kí ni a fi gbà á?

Mo wá sí orí sàráà. Anas ọmọ Mālik gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Bukhari àti Muslim sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé Mùsùlùmí kan kò ní gbin igi tàbí kí ó fúnrúgbìn, kí ènìyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹranko wá jẹ nínú rẹ̀, àfi kí ó di sàráà fún un. Nínú èyí tí Jābir gbà wá, tí ó wà lọ́dọ̀ Muslim, àlékún wà: ohun tí olè bá jí nínú rẹ̀, sàráà ni. Nínú ẹ̀dà kan, lẹ́yìn tí a ti dárúkọ ènìyàn àti ohun tí ń rìn, a tún fi kún un pé àti ohunkóhun. Ẹ má ṣe sáré kọjá lórí ohunkóhun yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹran ọ̀sìn àti ẹyẹ nìkan ni láádá wà lórí wọn, a kò ní nílò rẹ̀.

Ohun kan wà nínú hádíìsì yìí tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Sàráà tí a mọ̀ ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa fún ènìyàn, tí inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ta ni inú rẹ̀ ń dùn nígbà tí olè bá wọ oko rẹ̀? Síbẹ̀ Ọlọ́hun kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ó túmọ̀ sí pé láádá tí ó wà lórí ọ̀gbìn gbòòrò ju ìtọ́jú ọwọ́ wa lọ. Ó ń bá a lọ nígbà tí a bá sùn, nígbà tí a bá wà ní ọjà, àní nígbà tí a bá ń bínú sí ẹni tí ó jẹ ẹ́. Bí ohun tí a gbà lọ́wọ́ wa tipátipá bá lè di sàráà, mélòó-mélòó ni ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, tí a ṣe níyà rẹ̀ nínú ọkàn pé igun yìí, ti àwọn ìjọ mìíràn ni! Ọkùnrin tí ó da oògùn sí igi láti orí dé ìdí, ilẹ̀kùn tí ó ń wọlé sórí rẹ̀ lóru ni ó fi kọ́kọ́rọ́ tì.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé: Àáfà, ẹ sọ èrè rẹ̀ fún wa, kí á lè mọ ìdí tí a ó fi gbin òdòdó sí ilẹ̀ tí a lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Èrè wà, ó sì pọ̀ ju bí a ti mọ̀ lọ. Ìyá tí ó bá gbin elégédé yóò ti kíyè sí i pé òdòdó kan a máa ní èso kékeré bí ìlẹ̀kẹ̀ nídìí, òmíràn kò sì ní í. Èyí tí ó ní i ni abo. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré ni ó fi ń là. Bí oyin kò bá gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara òdòdó akọ wá bá a kí ó tó pa dé, èso kékeré náà a pọ́n, a rọ, a já bọ́. Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní ayé ni ó ń bá ọgbà àwọn jà. Kò sí ayé kankan níbẹ̀. Oyin ni kò wá.

Ẹ wo epo pupa tí kò sí ilé wa tí kò dé. Ọ̀pẹ kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Màléṣíà, wọ́n gbìn ín lọ rẹrẹẹrẹ, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń bá ọ̀pẹ ṣiṣẹ́ nílé kò bá a lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń san owó fún láti máa fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ sórí òdòdó abo, láti ìdí ọ̀pẹ kan dé ìdí òmíràn. Ní ọdún 1981 ni wọ́n tú kòkòrò kékeré kan tí wọ́n kó láti Kamẹrúùnù sílẹ̀ nínú oko wọn. Èso so, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn sì tán. Kòkòrò kan náà wà lórí ọ̀pẹ tiwa, òdòdó akọ tí ó ti gbó ni ó sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ fún un rí. Irú tí ń ta sánsán nínú ọbẹ̀ wa ńkọ́? Àdán tí àwọn ọmọ wa ń sọ lókò wà lára àwọn tí ń lọ láti òdòdó igi irú kan sí òmíràn lóru. Òdòdó igi ẹmi tí a ń rí òrí lára rẹ̀, oyin ni. Òdòdó kòkó tí ó kọ́ ilé páánù sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa, àwọn kòkòrò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni, inú ewé jíjẹrà tí ó lọ́rinrin ni wọ́n sì ń gbé dàgbà. Àgbàdo àti ìrẹsì kò bẹ ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn ni ó ń gbé tiwọn, a kò gbọdọ̀ fi àsọdùn ti òtítọ́ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀rù ibi tí ọ̀rọ̀ èrè yìí lè gbé wa dé. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí elégédé nìkan ni a fi gba oyin láàyè, òwò ni a ṣe. Òwò kò burú, Ọlọ́hun ṣe é ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò a máa lé ẹni tí kò mú èrè wá. Ta ni yóò wá gbèjà labalábá? Nínú iṣẹ́ gbígbé lẹ́búlẹ́bú kiri, labalábá kò tó oyin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ jìnnà sí òdòdó, díẹ̀ ni ó ń gbé. Ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ewé wa. Àwọn àgbà pàápàá fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ènìyàn agbéraga ni wọ́n ń bá wí, mo sì gbà pẹ̀lú wọn nípa ti ènìyàn. Ní ti labalábá fúnra rẹ̀, ta ni ó rán an ní iṣẹ́ ẹyẹ? Ìṣe labalábá ni Ọlọ́hun dá a fún, ó sì ń ṣe é.

Nítorí náà, níbi labalábá gan-an ni a ti ń dán wa wò. Ẹni tí ó fi àyè sílẹ̀ fún oyin lè jẹ́ olóye lásán, tí ó mọ ìṣirò. Ẹni tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí kò ní í san án padà, nítorí pé Ọlọ́hun pè é ní ìjọ, òun ni ó ti mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹ̀dá kò dúró lórí ìwúlò rẹ̀ fún wa. A mọ èyí nípa ènìyàn. A mọ̀ pé arúgbó tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ní ẹ̀tọ́ lórí wa. Ọwọ́ Ẹni tí ẹ̀tọ́ yẹn ti wá ni ti èyí náà ti wá, bí ó tilẹ̀ kéré jù ú lọ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọkùnrin wa àti igi ọsàn rẹ̀. Abū Hurayra gbà á wá, ó sì wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim, pé èèrà kan ta ọ̀kan nínú àwọn Ànábì àtijọ́, ó sì pàṣẹ kí wọ́n dáná sun ibùgbé àwọn èèrà náà. Ọlọ́hun fi ìmísí bá a wí: ṣé nítorí pé èèrà kan ta á ni ó ṣe pa ìjọ kan run nínú àwọn ìjọ tí ń ṣe àfọ̀mọ́ Olúwa wọn? Kí ni kò jẹ́ kí ó mú ẹyọ kan náà? Nínú hádíìsì ti Ibn 'Abbās tí Abū Dāwūd kọ, Ànábì wa kọ̀ fún wa láti máa pa èèrà àti oyin, pẹ̀lú ẹyẹ méjì kan. Nínú èyí ni mo ti rí ìdáhùn. Bí ọsàn náà bá kéré, tí kòkòrò sì fẹ́ jẹ ẹ́ tán, kí ó fi ọwọ́ ṣa wọ́n kúrò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Bí tàtà bá bo oko ẹ̀gẹ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀, kí ó gbèjà oko rẹ̀, bí ó bá sì di dandan kí ó lo oògùn, kí ó lò ó ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé, kí ó má fọ́n ọn sí òdòdó, kí ó má sì jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ sórí ẹ̀fọ́ aládùúgbò. Ohun tí kò tọ́ ni láti sun ìlú nítorí ẹnìkan. Oògùn tí a dà láti orí dé ìdí, nígbà tí igi wà nínú òdòdó, kò mọ èyí tí ó jẹ ewé yàtọ̀ sí èyí tí ó wá pọn oyin. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àárọ̀ yìí ni pé ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo igi rẹ̀, ó sì ré kọjá ẹ̀tọ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn pé ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́, pé ejò ń sá pamọ́ sínú igbó, pé ẹ̀fọn ń pọ̀. Òótọ́ ni nípa igbó. Ọgbà kì í ṣe igbó. Omi tí ó dúró sójú kan nínú agolo, nínú táyà, nínú gọ́tà tí ó dí, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí; òdòdó kò pa ẹ̀fọn. Ní ti sìmẹ́ńtì tí a fi bo gbogbo àgbàlá, omi òjò tí ilẹ̀ wa kò lè mu mọ́ ni ó ń wọ yàrá ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò wá kún ẹ̀tọ́ oyin.

Kí ni kí á gbìn? Kò pọn dandan kí á ra ohun kan. Ẹ jẹ́ kí ẹfinrin mélòó kan tanná kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Oyin kì í fi í sílẹ̀. Ewúro tí a bá gbàgbé ní ìdí odi kí ó tanná funfun, ilé àsè ni fún wọn. Yúnyún tí a máa ń tu dànù, òdòdó rẹ̀ ni labalábá ń bà lé. Bomubómu, tí àwọn onímàálù fi ń ṣe wàrà, ni labalábá pupa rúsúrúsú tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú ń yé ẹyin sí. Ṣùgbọ́n kí á gbìn ín síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé, nítorí oje rẹ̀ burú fún ojú. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè lo ike ọ̀dà tí ó ti lu nídìí. Ẹni tí ó ní ilẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́bàá odi láìgbá a mọ́lẹ̀ kodoro, kí ewé jábọ́ síbẹ̀ kí ó sì jẹrà. Kí ó ṣe níyà rẹ̀. Kí ó pe ọmọ rẹ̀ wá, kí ó fi ẹyin labalábá hàn án lábẹ́ ewé, kí ó sì sọ fún un ẹni tí ó ni ín.

Ẹ wo ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá ní mọ́sálásí wa yìí. Omi tí ó ń ṣàn kúrò lẹ́sẹ̀ wa ti sọ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà di ẹrẹ̀, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ẹ ó rí labalábá tí wọ́n kó ara wọn jọ sórí ẹrẹ̀ náà, wọ́n na ẹnu wọn tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń mu omi àti iyọ̀ inú ilẹ̀. Omi tí a fi wẹ ojú fún ìrun, ìjọ mìíràn ń mu nínú rẹ̀. Àbá wà nílẹ̀ pé kí á da sìmẹ́ńtì sí ibẹ̀ pẹ̀lú. Mo ń rọ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi ilẹ̀ tí ó wà láàárín gọ́tà àti odi sílẹ̀, kí omi àlùwàlá máa bomi rin ín. Ẹni tí ó bá ní èso ẹfinrin tàbí ẹ̀ka ewúro nílé, kí ó mú un wá ní Jímọ̀ tí ń bọ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Allāhu fún èmi àti ẹ̀yin àti fún gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.